Kíbọ́ọ̀dù tuntun lára kọ̀ǹpútà 1982: mi ò ba nǹkan kan jẹ́ o

1/ Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Mo gbé fọ́tò ZX Spectrum mi síbí níjọ́sí, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tuntun tí mo so mọ́ ọn. Àwọn kan ní mo ti ba ohun àtijọ́ jẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n gbé e sínú gíláàsì, kí n máa wò ó. Rárá o. Kọ̀ǹpútà téèyàn ò lè fi tẹ nǹkan kan, òkú ni.

2/ Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ilé-iṣẹ́ Sinclair ló gbé e jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1982. £125 ni wọ́n ń ta èyí tó ní 16K, £175 ni ti 48K. Tẹlifíṣàn ilé ni wọ́n ń so ó mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé níbẹ̀ ló jẹ́ pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà.

3/ Bọ́tìnnì rẹ̀, rọ́bà ni, 40 péré. Abẹ́ rọ́bà yẹn ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, ó ní ìrù méjì tó wọnú ẹ̀rọ lọ. Tí ike yẹn bá gbó, á gan bí ewé gbígbẹ. Tèmi, bí mo ṣe ní kí n ṣí ìdérí báyìí, páú! Ìrù kan já.

4/ Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ ò kàn lè ki kíbọ́ọ̀dù tuntun bọ̀ ọ́. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Kíbọ́ọ̀dù òde òní ní ọpọlọ tiẹ̀: tẹ́ ẹ bá tẹ P, á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pé wọ́n ti tẹ P o. Ti Spectrum ò ní ọpọlọ kankan. Wáyà 8 ló dábùú wáyà 5, ibi ìpàdé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bọ́tìnnì kan. 8 lọ́nà 5, 40 nìyẹn. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń lọ yẹ̀ wọ́n wò, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: èwo ló kan èwo?

5/ Nítorí náà, ògbufọ̀ la nílò. Mo lo Arduino kan àti ṣíìpù MT8808. Arduino á gbọ́ nọ́ńbà tí kíbọ́ọ̀dù rán, á wá sọ fún MT8808 pé kó so wáyà méjì tó yẹ pọ̀, bí ẹni pé ìka ló tẹ rọ́bà. Spectrum ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. (Kíbọ́ọ̀dù PS/2 ẹlẹ́nu róbótó ni mo lò, torí ó rọrùn fún Arduino ju USB lọ.)

6/ Spectrum ò ní bọ́tìnnì ìparẹ́. CAPS SHIFT àti 0 lẹ máa tẹ̀ pọ̀. Ní báyìí, mo tẹ Backspace, ògbufọ̀ mi tẹ méjèèjì fún mi. Ṣùgbọ́n ìwà ẹ̀ ò yí padà o: ẹ tẹ P níbẹ̀rẹ̀ ìlà, PRINT ló máa kọ lódindi. Inú ẹ̀rọ ni ìwà ẹ̀rọ wà, kò sí nínú rọ́bà.

7/ Mo gbọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra ike tuntun. Òótọ́ ni, wọ́n ń tà á. Tó bá jẹ́ géèmù lẹ fẹ́ gbá, ìyẹn ti tó. Èmi ní tèmi, Yorùbá ni mo fẹ́ kọ.

8/ Ẹ gbọ́ èyí. Spectrum fàyè sílẹ̀ fún àmì 21 tẹ́ ẹ lè yà fúnra yín, kókó iná 8 níbùú, 8 lóròó. Mo wá jókòó ka lẹ́tà kékeré wa tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́: à á è é ẹ ẹ̀ ẹ́ ì í ò ó ọ ọ̀ ọ́ ù ú ṣ ń ǹ ḿ m̀. Ẹ kà wọ́n. 21 géérégé! Ara mi bù máṣọ.

9/ Àmọ́ lórí rọ́bà, kẹ́ ẹ tó kọ ẹ kan ṣoṣo: CAPS SHIFT àti 9, ẹ tẹ lẹ́tà, ẹ tún tẹ 9 kẹ́ ẹ lè jáde. Ẹ fojú inú wò ó fún odindi gbólóhùn! Ògbufọ̀ mi ń ṣe gbogbo ẹ̀ ní ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ìyẹn ni ìbàjẹ́?

10/ Mo ní òfin tèmi náà. Mi ò gé ara ẹ̀rọ, mi ò jó nǹkan kan mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀. Ojú ihò méjì tí ìrù ike ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo gbà. Rọ́bà àti ike rẹ̀ wà nínú ọ̀rá nílé. Ẹni tó bá jogún ẹ̀ lọ́la lè dá gbogbo ẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá gé e, tẹ́ ẹ lu ú, èmi náà á bá wọn bú yín.

11/ Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀kan tó dákẹ́ sílé, ẹ má wulẹ̀ gbé e sínú gíláàsì. Ẹ wá ògbufọ̀ fún un, kó máa sọ̀rọ̀.