Ìwé tí a kà, kí ni ó kù lọ́wọ́ wa?

Ní ọjọ́ kan, ọmọ wa bi wá léèrè ohun tí ó wà nínú Doguicimi, ìwé ìtàn tí Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, tẹ̀ jáde ní 1938. A ti kà á tán, ṣùgbọ́n a kò rí nǹkan sọ. Ojú tì wá. Ni a bá ra kàyé kan. Inú rẹ̀ ni a ń kọ orúkọ ìwé, ọjọ́ tí a kà á tán, ohun kan tí ó wọ̀ wá lọ́kàn, àti ẹni tí a yá a. Ìwé àwòrán ilé pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ mọ yàrá àwọn ọmọ, kàyé yìí ni ó rán wa létí pé kí fèrèsé méjì kọjú sí ara wọn, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ó sì jáde. Ẹ ra kàyé fún àwọn ọmọ yín.