Ooru Máa Ń Pa Ìwúkàrà

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì fún títà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, bí ìyẹ̀fun kò bá wú, ẹ má tètè bú ẹni tó ta ìwúkàrà fún yín. Omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ ńkọ́? Ohun abẹ̀mí ni ìwúkàrà, omi tó bá ń jó ọwọ́ yóò pa á. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ bu ṣúgà ṣíbí kékeré kan sí i. Bí kò bá hó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó ti kú nìyẹn. Ẹ má fi ìyẹ̀fun yín ṣòfò.

Ooru yìí kan náà ló ń dààmú àwọn tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ethanol, ìyẹn ọtí tó wà nínú ẹmu àti ògógóró. Ìwúkàrà búrẹ́dì kì í jẹ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tààrà. A ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ṣúgà, bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà ń jẹ tó fi ń di ọtí, bó sì ti ń jẹ ẹ́ ni gbogbo àgbá ń gbóná. Ìwọ̀n Celsius bíi 30 ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bó bá ti ń sún mọ́ 40, iṣẹ́ rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn. Ẹ wá wo ooru tiwa nínú oṣù kejì àti ìkẹta! Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun yóò máa fi ẹ̀rọ mú àgbá tutù, owó dísù lè jẹ èrè rẹ̀ tán.

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ìwúkàrà tó lè fara da ooru. Ọ̀kan wà, Kluyveromyces marxianus, tó ń dàgbà kódà ní ìwọ̀n 45. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà náà ń wá irú rẹ̀ nínú ẹmu wa, nítorí kèrègbè adẹ́mu ti mọ oòrùn lára. Ẹmu yìí náà ni àwọn aṣebúrẹ́dì àtijọ́ fi ń mú ìyẹ̀fun wú.

Àgbẹ̀ tó ti rí i kí ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́jà títí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a máa da ethanol mọ́ bẹntiróòlù, ìdá 10 nínú 100. Inú ìwé ni mo ti rí i, n kò tíì rí i nílé epo.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin bàbá wa, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí gbé àgbá kaná lẹ́yìnkùlé o. Ọtí mìíràn wà tó ń jẹ́ methanol. Ó jọ ethanol lójú, májèlé sì ni. Ní oṣù kẹrin 2015, òun ló pa àwọn ènìyàn ní agbègbè Òde-Ìrẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́yìn tí wọ́n mu ògógóró. Ojú wọn kọ́kọ́ ń ṣú. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá mu ọtí bẹ́ẹ̀, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ má po àgbo fún un, ẹ má sì ní kó lọ sùn ún. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò ọtí náà dání.