Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí ṣe. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣàdédé wà láàárín ọgbà. Imú ni yóò kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, ọlọ́gbà á sì ní imú lásán ni. Kó tó ṣẹ́jú, orí ti wọlé, ara ti tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ ti di jíjẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwàkiwà ṣe ń di bárakú.

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti wá rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá ṣe nǹkan, a máa ń ronú sí i. Bí a bá ń tún un ṣe lójoojúmọ́, lásìkò kan náà, níbì kan náà, iṣẹ́ náà á bọ́ sọ́wọ́ apá kan nínú lọ́hùn-ún ọpọlọ tí kì í bi wá léèrè kó tó ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ẹlòmíràn fi máa ń wá fóònù lórí ibùsùn kí ojú rẹ̀ tó là tán. Apá ọpọlọ yìí kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan náà dára tàbí kò dára. Ohun tí a bá ṣe léraléra ló ń gbà wọlé.

Ibí yìí ni mo ti rí ìrètí nínú òwe náà. Ojú ihò tí ibi gbà wọlé, rere náà lè gbabẹ̀.

Ẹ wo àwọn àgbà Ìdìkan ní Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè níbẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìdìkan, 1.35 ni àìsàn tó ń mú àgbàlagbà ṣarán ń bá lọ́dún kan. Ti Indianapolis jẹ́ 3.24. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ará Ìdìkan tó bí ó ṣe pọ̀ lára àwọn ará ọ̀hún. Ohun kan ṣoṣo kọ́ ló lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbé ayé ojoojúmọ́ lè wà lára rẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a ti pa ìrìn ẹsẹ̀ tì, ọ̀kadà la fi ń lọ sí ìkóríta báyìí.

Ìrìn ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní 2011, Kirk Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 120. Ìdajì wọn ń rìn kíákíá fún 40 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí, tó máa ń sún kì bí a ṣe ń dàgbà, ti fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i lára wọn. Lára ìdajì yòókù, tó kàn ń na ara, ńṣe ló sún kì.

Ṣé yóò pẹ́ kí irú àṣà bẹ́ẹ̀ tó mọ́ni lára? Ní Lọ́ńdọ̀nù, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ènìyàn 96 tó fẹ́ sọ nǹkan kékeré di àṣà, bíi jíjẹ èso tàbí mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Ìwọ̀n ọjọ́ 66 ló gbà wọ́n. Ó yá àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ọjọ́ kan tí ènìyàn bá pa jẹ kò ba iṣẹ́ náà jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ ọdún búra pé ẹ ó yí gbogbo ayé yín padà. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ bí ẹ bá ń lọ sùn, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Tàbí kí ẹ rìn dé ìparí àdúgbò lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ẹ bá pa á jẹ lónìí, ẹ ṣe é lọ́la.