Kámẹ́rà Tí Kì Í Pààrọ̀ Ojú

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti yàrá àwọn olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó wà ní kíláàsì SS2 wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àròkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Orí ọ̀rọ̀ tí mo fún wọn ni "Ohun Kan Tí Mo Fẹ́ Ní". Ọmọ náà ti kọ ojú ewé kan ààbọ̀ nípa kámẹ́rà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan dá a dúró: kí ni kí òun pe kámẹ́rà tí wọ́n ti mọ ojú rẹ̀ mọ́ ọn lára, tí ẹni tó rà á kò lè yọ ọ́ kí ó fi òmíràn rọ́pò? Mo ní kí ó kọ "kámẹ́rà olójú kan". Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ará kíláàsì yóò sọ pé kámẹ́rà mi fọ́ lójú kan." Òótọ́ ló sọ. A wá fẹnu kò sí "kámẹ́rà tí kì í pààrọ̀ ojú", ó sì lọ kọ àròkọ rẹ̀ parí.

Èdè inú àròkọ náà dára, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ bà mí nínú jẹ́. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní JSS3 ló ti ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ya àwòrán. Ó wá kọ ọ́ pé òun ti dáwọ́ dúró báyìí, òun kò sì ní í ya àwòrán kankan mọ́ títí ọwọ́ òun yóò fi tẹ kámẹ́rà Fujifilm kan tí wọ́n ń pè ní X100VI. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ayàwòrán nípa kámẹ́rà náà ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí èmi tí n kì í ṣe ayàwòrán fi fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ wọn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ Fujifilm kéde kámẹ́rà náà ní Tokyo, ní ilẹ̀ Japan. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni 1,599 dọ́là. Ojú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lẹ́ńsì, kì í fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ tó ń wo àwọn tó jókòó sínú rẹ̀, ohun tó máa rí gan-an ni ojú náà ń mú, bí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ mẹ́gápíksẹ̀lì 40, wọ́n sì fi ohun kan sí inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n ọwọ́ ba àwòrán jẹ́, èyí tí kò sí nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi sọ. Àwọn tí inú wọn dùn ní kámẹ́rà náà kéré, kì í dá ọrùn lágara, kì í pariwo nígbà tó bá ń ya àwòrán, kò sì ń dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n yin àwọn ohun yíyí tó wà lórí rẹ̀ bíi ti kámẹ́rà ayé àtijọ́, àti àwọ̀ inú àwòrán rẹ̀ tó fara jọ ti fíìmù tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣe tipẹ́. Àwọn tó ń kùn náà pọ̀ jọjọ. Wọ́n ní lẹ́ńsì tó wà lára X100V ti ọdún 2020 náà ni wọ́n tún gbé wá. Àwọn kan ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti to ti ìṣáájú pọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń to èyí? Àròyé yìí kò tà létí mi rárá. N kò mọ ẹni tó ń béèrè ìlú alágbẹ̀dẹ kó tó fi ọ̀bẹ gé iṣu.

Ṣùgbọ́n àròyé kan wà tí mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Wọ́n ní kámẹ́rà náà lè fara da eruku àti òjò wíwọ́n, àfi kí ẹni tó rà á kọ́kọ́ lọ ra òrùka kan àti gíláàsì kan tí yóò fi bo ojú rẹ̀. Wọn kò fi méjèèjì ṣe èènì. Ẹni tó bá mọ ohun tí eruku ọyẹ́ ń ṣe sí ohun gbogbo nílẹ̀ wa láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì yóò mọ̀ pé ojú tí a kò lè yọ fọ̀ kì í ṣe ojú tó yẹ kí wọ́n tà ní ìhòòhò. Bákan náà ni ti àwọn àkànṣe 1,934 tí wọ́n ṣe láti fi rántí ọdún 1934 tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1,999 dọ́là. Àwòrán tí wọ́n ń yà kò dára ju ti èyí tó kù lọ. Orúkọ tí wọ́n fín sí i lára ni wọ́n fi gba owó náà.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra kíkùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, níbi ìpàtẹ Photokina ní ìlú Cologne ní Jámánì, ni Fujifilm ti fi àkọ́bí ìdílé yìí, X100, han ayé. Ó rẹwà, ẹnu kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi dé ọjà ní 2011. Ìgbà tó dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán tán ni wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ lọ́ra. Ọmọdé yóò ti rẹ́rìn-ín tán kí kámẹ́rà tó mọ ibi tí ojú ọmọ náà wà. Wọ́n kùn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n ka àbùkù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́. Wọ́n ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ní 2013, nígbà tí X100S ti gba ipò rẹ̀, wọ́n ṣì tún àgbà náà ṣe. Àwọn tó kùn nígbà náà ti ra kámẹ́rà, wọ́n ti gbé e jáde, wọ́n sì mọ ibi tó ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìkéde ti 2024 kò tí ì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń sọ rárá.

Ẹjọ́ tó tóbi jù ni ti ojú kan ṣoṣo náà. Ọ̀pọ̀ ní kò sí ọgbọ́n nínú kí ènìyàn kó owó tó tó báyìí lé kámẹ́rà tí kò lè wo òkèèrè. Fún ẹni tó ń ya bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n jàre. Kò lè sáré wọ inú pápá lọ bá agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń ya ẹyẹ jàre. Ẹni tí wọ́n sanwó fún láti ya ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà kò jẹ̀bi, bó bá fẹ́ ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ ya ènìyàn ní ìgboro, ní ọjà, nínú ilé, n kò rò pé àbùkù ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ya fọ́tò jẹun ní Ìkìrun. Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yashica-Mat ni kámẹ́rà rẹ̀, ojú tó sì bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù ló wà lára rẹ̀ títí tó fi gbó. Bí àwọn ẹbí bá pọ̀, tí wọn kò gba inú àwòrán, Bàbá Fọ́tò á máa fi ẹ̀yìn rìn títí yóò fi dé etí gọ́tà. Bí àyè ẹ̀yìn bá tán, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ènìyàn: ọmọdé á kúnlẹ̀, ìyàwó ilé á sún mọ́ ìyá ọkọ, àgbà á jókòó. Ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé ìyáálé àti ìyàwó kejì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ sún. Èmi tí mò ń gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀ lé e máa ń rí i tó ń rọ̀ wọ́n, tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tó sì ń fi oríkì pe bàbá ilé. Kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, ilé náà á ti rọ̀. Ká ní ojú kámẹ́rà rẹ̀ lè fẹ̀ kó mú gbogbo wọn láti ibi tó dúró sí, kò ní í ráyè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ náà ni Pierre Verger gbé rin ìrìn àjò ayé rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Ó dé Salvador ní Bahia ní 1946, ó sì di babaláwo ní Kétu ní 1953, ní ilẹ̀ Dahomey tí à ń pè ní Benin lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Fátúmbí. Rolleiflex rẹ̀ ní ojú méjì, ọ̀kan fún wíwò, ọ̀kan fún yíyà, kò sì sí èyí tó ń pààrọ̀ nínú méjèèjì. Igbá àyà ni wọ́n máa ń gbé e sí, ẹni tó ń lò ó á sì tẹ orí ba láti wò ó, kámẹ́rà kì í bo ojú rẹ̀. Ojú yìí ló fi ya àwọn alárù etíkun Salvador, tó tún fi ya ọdún òrìṣà ní òdì-kejì òkun.

Ẹ jọ̀wọ́, n kò sọ pé Rolleiflex pọ́ọ́kú o. Ó wọ́n ní ìgbà tirẹ̀. Brownie D tí J. D. 'Okhai Ojeikere rà ní 1950 ni kò wọ́n. Kò ní filásì, ojú rẹ̀ kò sì ń pààrọ̀. Èyí ló fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di ẹni tó ń ya àwòrán fún ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn ní 1961, kí ó sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 sí í ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán irun dídì àti irun kíkó tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń yọ̀ gbọ́. Lásìkò ìkéde yẹn, iye tí wọ́n dá lé X100VI ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà jẹ́ 30,000 náírà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000 ní oṣù Keje ọdún náà. Ẹni tó ń gba 30,000, bí kò bá jẹ, tí kò mu, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ kí ó tó rà á. Nígbà tí òkìkí X100V kàn láàárín àwọn ọ̀dọ́ lórí TikTok, ṣe ni àlòkù rẹ̀ wọ́n ju tuntun lọ. Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọdé pé kámẹ́rà yìí ló ń fúnni ní ojú ayàwòrán, kí ó rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

N kò ní kí ọmọ náà má fẹ́ ẹ. Bí mo bá lówó rẹ̀, n bá rà á fún un. Mo kàn pè é, mo ní kí ó tún gba fóònù ìyá rẹ̀. Ojú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn fóònù náà. Mo ní kí ó mú ọ̀kan, kí ó gbàgbé méjì, kí ó má sì fi ìka fa ohunkóhun sún mọ́ra. Ẹsẹ̀ ni kí ó fi sún mọ́ ọn. Àwòrán 10 ni mo béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kùn, bí gbogbo wọn ti máa ń kùn nígbà tí mo bá ní àròkọ kò gbọdọ̀ kọjá ojú ewé méjì.

Méje ló mú wá. Mẹ́ta ṣókùnkùn. Ọ̀kan nínú èyí tó kù, ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ó súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí òkúta kékeré tó fẹ́ mú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ya ojú màmá. Ó ní màmá ti sọ fún òun pé kí òun má dán an wò, nítorí òun kò tí ì di irun òun.