Ẹ Bu Omi Fún Àwọn Ọmọ Wa

Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu; ẹnì kan kì í bá omi ṣọ̀tá. Báyìí ni àwọn baba wa máa ń wí, báyìí náà ni wọ́n sì ń hùwà. Bí àlejò bá wọlé, omi tútù inú àmù ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù fún un, kí wọ́n tó bèèrè ohun tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ òde òní yóò rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé ike omi pupa tàbí omi aláwọ̀ ọsàn dání. Ohun mímu lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá kékeré ni ìyá wọn pò mọ́ omi fún wọn. A kò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ wí, nítorí pé ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tó ohun tí a ní láti jókòó gbé yẹ̀ wò.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun mímu wọ̀nyí, adùn àtọwọ́dá ni a fi rọ́pò ṣúgà, tàbí kí a pa á pọ̀ mọ́ ṣúgà. Aspartame dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200, sucralose ní nǹkan bí ìlọ́po 600. Nítorí náà ìwọ̀n bíńtín ni ó ń mú odidi ike omi dùn. Adùn tí kì í ṣe ti ṣúgà kò ṣàjèjì sí wa. Agbáyun ń bẹ nínú igbó wa, tí í mú ọsàn kíkan dùn lẹ́nu. Èso ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín pàápàá dùn ju ṣúgà lọ jìnnà réré. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́ rí pé àwọn baba wa fi agbáyun rọ́pò omi? Ohun ìpanu ni wọ́n fi ṣe. Omi ni wọ́n fi ń pa òùngbẹ.

A kò fẹ́ dá ìjayà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2023, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé, lórí ẹ̀rí tí kò tí ì kún, ó ṣeé ṣe kí aspartame máa fa àrùn náà. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà kan náà ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ nípa èròjà oúnjẹ sọ pé àwọn kò yí ìwọ̀n tí àwọn ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ padà, èyí tí í ṣe mílígíráàmù 40 lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n. Ife kan kì í ṣe májèlé. Èyí tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn jù ni ìmọ̀ràn tí àjọ náà ti gbà wá ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà: kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé adùn wọ̀nyí láti fi dín ara sísan kù, nítorí pé kò sí èrè pípẹ́ nínú rẹ̀.

Lójú tiwa, ewu mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá ti mọ́ adùn láti kékeré yóò máa kọ omi lásán. Èkejì, ohun mímu lẹ́búlẹ́bú kì í pa kòkòrò àrùn. Ó lè bo àwọ̀ omi àti òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó lè fa ibà táífọ́ọ̀dù tàbí àrùn onígbá-méjì, bí a bá pa á láró tí a fi adùn sí i, ewu rẹ̀ kò dín. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, àwọn kan a máa pò ó fún un kí ara rẹ̀ lè le. Àṣìṣe ńlá ni. ORS tí wọ́n ń fúnni nílé ìwòsàn ní iyọ̀ àti ṣúgà glucose ní ìwọ̀n tí ó bá ara mu, nítorí pé ṣúgà náà ni ó ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti wọnú ara. Adùn àtọwọ́dá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n kí a tó dá ìyá lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò dáhùn pé omi kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ òun, tàbí pé èyí tí ó wà níbẹ̀ kò ṣeé mu. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wà. Òfin ìnáwó ti ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò aládùn, ọdún 2022 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ìlera ará ìlú wà lára ìdí tí wọ́n sọ fún wa nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìlera ni a ṣe gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, ẹ̀tọ́ ni kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn gẹ́gẹ́ bí omi mímu tó mọ́ gaara.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, nígbà tí olùdíje bá wá sí àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí ohun mímu tí ó pín lọ́jọ́ ìpàdé dí yín lẹ́nu. Ẹ bi í ní iye ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí, àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda fún ọmọ láti mumi lákòókò ẹ̀kọ́, kí ẹ̀yin fúnra yín sì mu ún lójú wọn, nítorí ohun tí ọmọ bá rí ni yóò ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ ka ohun tí a kọ sára ọ̀rá kí ẹ tó ra á. Ẹ fi ohun mímu aládùn sí ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ àríyá, kí ẹ sì fi omi tí ẹ sè tí ó sì ti tutù sínú ike ọmọ lójoojúmọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a gbé àmù padà sí ìgun ilé, kí ìjọba sì gbé ẹ̀rọ omi dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò bèèrè àwọ̀ lọ́wọ́ wa. Omi ni ó ń fẹ́.