Ẹ Má Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Pijó Tó Ń Wọ Oko

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá lọ́kàn, a kò sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ní ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́rin lọ sí abúlé kan láàárín oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè, láti lọ gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí jíìpù tí a háyà láti ìlú dé ibi tí ọ̀dà parí sí, awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó wà níwájú, ó ní òun kò lọ mọ́. Ó ní bí nǹkan bá ṣe abẹ́ ọkọ̀ náà, ọ̀gá òun yóò lé òun lẹ́nu iṣẹ́ ni. A dúró síbẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa, títí bàbá kan fi gbé Pijó 504 tirẹ̀ dé, èyí tó gùn gbọọrọ, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí àwọn èèyàn ń pè ní sítéṣọ̀n wágọ̀n.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti bó. Okùn ni wọ́n fi de ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú wa (a kò ní í dárúkọ rẹ̀, òun náà wà lára àwọn tó ń kọ èyí) bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé èyí náà ni yóò gbé wa?" Bàbá gbọ́. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ wọlé. Bó bá rì, ẹ ó tì í. Bí kò bá rì, ẹ ó dúpẹ́."

Kò rì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a fi ojú ara wa rí. Bàbá ní kí àwa tó sanra jókòó sẹ́yìn. Ó ní táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ, bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, yóò di ilẹ̀ mú. Kí a tó wọ ẹrẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ kúrò nínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì kí wọ́n lè tẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí a dé etí odò, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó mú ọ̀pá, ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá, ó sì padà. Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó yọ bẹ́líìtì tó ń yí fáànù, ó ní bí fáànù bá ń yí nínú omi, yóò máa ta omi sára púlọ́ọ̀gì, ẹ́ńjìnì yóò sì kú. Ó fi ọ̀rá bo ibi tí iná ti ń lọ sára púlọ́ọ̀gì. Ó wá fi jíà kìíní wọ omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sáré, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò títí a fi gòkè lódì kejì.

Ọkọ̀ náà kò rí bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ mọ́. Mẹkáníìkì rẹ̀ ti fi síprínǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì ga sí i. Wẹ́ídà ti jó irin pẹlẹbẹ tó nípọn mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì, kí òkúta má baà fọ́ ọn. Wọ́n ti gbé sáílẹ́ńsà sókè. Táyà ẹ̀yìn jẹ́ èyí tó léyín kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́. Gbogbo rẹ̀ ló nídìí, bàbá sì ṣàlàyé ìdí kọ̀ọ̀kan fún wa bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé ní kíláàsì.

Ọ̀ràn tó dùn wá jù nìyí. Nígbà tí a padà sí ọgbà, tí a tún gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀, ìjálá wákàtí méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ náà kò sí níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. A ti pa fóònù wa nínú ọkọ̀ kí bátìrì má baà tán kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọdẹ. Ọmọ Ògún ni ọdẹ. Ọmọ Ògún ni awakọ̀. A kọ̀ láti gbọ́ ti ọ̀kan nítorí pé a ń lọ gbọ́ ti èkejì. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀?

A mọ ẹni tó kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa mú àbá wá pé òun fẹ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá òun lórí èdè àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ ọkọ̀ oko. Èsì tó gbà ni pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ Yorùbá, kó lọ wá oríkì kan. A bọ̀wọ̀ fún oríkì. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé wa kọ́ ni wọ́n jókòó, tí wọ́n ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ṣe olóòtú rẹ̀? Iṣẹ́ ńlá ni, òun ni a ń jẹ lónìí. Ohun tí wọ́n ṣe nínú yàrá ìpàdé ni mẹkáníìkì ń ṣe lójoojúmọ́ lábẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún gírísì. Kí ló dé tí ti ọ̀kan fi jẹ́ ìmọ̀, tí ti èkejì sì jẹ́ ariwo ọjà?

Àwọn kan yóò ní ọkọ̀ àtijọ́ lásán ni à ń pọ́n. Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí. Ọdún 1968 ni Pijó 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Pijó ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1975 yẹn kan náà, 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, ó sì tún gbà á ní 1978, lórí ojú ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe sítéṣọ̀n wágọ̀n ló sá eré náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, wágọ̀n yìí ló sì gba ẹrù jù: síprínǹgì méjì ló wà lápá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, irin gbọọrọ kan ló sì so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ní 1980, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé tó ń jẹ́ Dangel gbé 504 tí wọ́n tún ṣe jáde, tó ga sókè, tí agbára ẹ́ńjìnì ń dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí òyìnbó tún Pijó ṣe kó lè wọ igbó, a ní ọgbọ́n ni. Nígbà tí mẹkáníìkì tiwa tún un ṣe, a ní jágbajàgba ni.

A gbọ́ ohun tí àwọn tó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ń sọ. Wọ́n ní òmíràn kò ní bíréèkì, pé ó ń tú èéfín, pé wọ́n ń kó èrò kún inú rẹ̀ bí ẹja sádínì. Òótọ́ ni, a kò ní í jiyàn. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì, kó má rìn, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àtijọ́. Àwa pàápàá kò fẹ́ kí wọ́n gbé Pijó onírin lábẹ́ yìí sáré lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan la ní fún wọn: bí ẹ bá kó o kúrò lónìí, kí ni yóò gbé kòkó jáde lọ́la? Kí ni yóò gbé aboyún tí ìrọbí mú lóru nígbà tí òjò bá rọ̀? Jíìpù tó padà lẹ́yìn ní etí ọ̀dà? Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà ná. Ẹni tí kò bá fún wa ní ọ̀nà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tí a fi ń la àìsí ọ̀nà kọjá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni Pijó yẹn lójú wa. Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú àkísà náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ti ń darúgbó. Bàbá tó gbé wa sọ pé kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì òun mọ́, pé ọ̀kadà ni àwọn ọmọ ń sáré lọ gùn. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá fẹ̀yìn tì, ta ni yóò sọ fún wa bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ la odò kọjá, àti orúkọ tí wọ́n ń pe irin kọ̀ọ̀kan?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá lọ sílé, ẹ ya ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yín. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jókòó, ẹ tan fóònù yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, bí ẹ ṣe ń kọ ti ọdẹ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti di olùkọ́ níbi gbogbo, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gba irú àkòrí bẹ́ẹ̀ wọlé. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Àwa ń padà lọ sí abúlé yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, bátìrì méjì la ó gbé dání, láti inú ọkọ̀ bàbá la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.