Abẹ Àkọ́kọ́: Dídán Kọ́ Ni Mímú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ fẹ́ máa fi abẹ onígbàjámọ̀, èyí tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀, fá irùngbọ̀n yín, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Abẹ tuntun a máa dán, ṣùgbọ́n dídán kọ́ ni mímú. Ọ̀pọ̀ abẹ owó pọ́ọ́kú ni kò tíì mú tó èyí tí a lè fi kan ojú, àfi bí a bá tún un pọ́n lórí òkúta. Nítorí náà, ẹ ṣírò owó abẹ, owó ẹni tí yóò bá yín pọ́n ọn, àti owó awọ tí ẹ ó máa fi ẹnu rẹ̀ rá kí ẹ tó fárùngbọ̀n. Àlòkù tí wọ́n ṣe ní Solingen ní Jámánì tàbí ní Sheffield ní Ìlú Ọba lè sàn ju tuntun yẹpẹrẹ lọ, bí ìpẹtà kò bá tíì jẹ ẹnu rẹ̀.

Ẹ yan èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ínǹṣì 5/8, tí orí rẹ̀ rí róbótó; olórí ṣóńṣó a máa gún ni. Bí ìpọ́n bá ni yín lára, ẹ ra èyí tí a ń pààrọ̀ réésà inú rẹ̀.

Irun wa a máa ká. Bí a bá fá a jù, a padà wọnú awọ, kókó a sì sú. Ibi tí irun dojú kọ ni kí ẹ fá a sí. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní abẹ yín, nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú a máa ti inú ẹ̀jẹ̀ ran ni.

Abẹ ṣeé tún rà. Ojú ẹni kò ní ààrọ̀.